Ọkọ Mi Fa Ìwé Ọmọ Ya Nítorí Ọ̀rọ̀ Ọ̀bọ

 

Lẹ́tà pọ̀ lórí tábìlì mi lọ́sẹ̀ yìí. Ti ọkọ tó ń jowú wà níbẹ̀. Ti onílé tó fi owó lé owó ilé lẹ́ẹ̀mejì láàárín ọdún kan náà wà níbẹ̀. Mo ní kí gbogbo wọn rọra dúró ná, torí lẹ́tà kan ló gba oorun lójú mi. Ìyá kan tó ń ta èlùbọ́ ló kọ ọ́, tàbí kí n kúkú sọ pé ọmọ rẹ̀ ló bá a kọ ọ́, ọwọ́ ìkọ̀wé ọmọ iléèwé ló wà lára ìwé náà. Mi ò ní dárúkọ wọn, mi ò sì ní dárúkọ ìlú wọn.

Ohun tí ìyá náà sọ rèé. Bíríkìlà ni ọkọ rẹ̀, alàgbà ló sì tún jẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ọmọbìnrin wọn wà ní kíláàsì àṣekágbá ní girama, iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ló sì wù ú. Lálẹ́ ọjọ́ kan, ọmọ ń kàwé sókè, bàbá ń gbọ́. Ó gbọ́ pé èèyàn àti ìnàkí jẹ́ mọ̀lẹ́bí. Ó tún gbọ́ pé egungun wà nínú òkúta, tó ti wà níbẹ̀ láti àìmọye ọdún. Bàbá ní, ta ló sọ bẹ́ẹ̀? Ọmọ ní tíṣà àwọn ni, ó tún wá fi kún un pé tíṣà ní ìtàn Ádámù àti Éfà, ìtàn àwọn ará àtijọ́ tí ò mọ nǹkan kan ni. Ọ̀rọ̀ di iṣu ata yán-an yàn-an. Bàbá já ìwé gbà, ó fà á ya sí méjì, ó ní ọmọ òun kò gbọdọ̀ jókòó ní kíláàsì báyọ́lọ́jì mọ́ láéláé.

Ìyá wá ń bi mí pé: "Ẹ bá mi dá sí i. Ṣé lóòótọ́ ni pé ọ̀bọ ló bí wa? Tí kì í bá ṣe òótọ́, kí ló dé tí wọ́n fi ń kọ́ ọmọ? Tó bá sì jẹ́ òótọ́, Ọlọ́run mi ńkọ́?"

Ìyá elélùbọ́ mi, ẹ kú ìnira. Mo ti ka lẹ́tà yín lẹ́ẹ̀mẹta. Ẹ dákun, ẹ ka èyí sétí bàbá ọmọ lẹ́yìn oúnjẹ alẹ́, nígbà tí ara rẹ̀ bá ti balẹ̀. Ẹ má kà á sí i létí nígbà tí ebi bá ń pa á o.

Alàgbà, ẹ kú iṣẹ́ sà. Mi ò wá bá yín jà. Ìbéèrè kan ni mo kọ́kọ́ ní. Sìmẹ́ǹtì tẹ́ ẹ ń pò láti àárọ̀ dalẹ́ yìí, kí ni wọ́n fi ṣe é? Òkúta ni. Òkúta ẹfun ni wọ́n ń wà nílẹ̀, wọ́n á fọ́ ọ, wọ́n á pò ó mọ́ amọ̀, wọ́n á wá sun ún nínú iná tó gbóná tó dígírì 1,450. Omi tó ń hó yaya, dígírì 100 péré nìyẹn, kẹ́ ẹ lè mọ irú iná tí à ń sọ. Tó bá tutù tán ni wọ́n á lọ̀ ọ́ kúnná, tí wọ́n á rọ ọ́ sí báàgì. Ó dáa. Òkúta ẹfun fúnra rẹ̀ ńkọ́, ibo ló ti wá?

Ẹ jẹ́ ká lọ sí Ewékorò, lójú ọ̀nà tó ti Èkó lọ sí Abẹ́òkúta. Láti nǹkan bíi 1960 ni wọ́n ti ń wa òkúta fún sìmẹ́ǹtì níbẹ̀. Tẹ́ ẹ bá mú òkúta ibẹ̀ kan lọ́wọ́, tẹ́ ẹ wò ó fínnífínní, ẹ máa rí i pé kì í ṣe òkúta lásán. Ìkarahun ló kún inú rẹ̀. Ìgbín òkun wà níbẹ̀, akàn wà níbẹ̀, gbogbo wọn ti di òkúta. Ọ̀jọ̀gbọ́n O. S. Adégòkè, ọmọ Yorùbá bíi tiwa, tó jẹ́ olùkọ́ ní Yunifásítì Ifẹ̀, tẹ ìwé ńlá kan jáde lórí wọn ní 1977. Bẹ́ẹ̀ láti Ewékorò dé etí òkun lónìí, ó ju 50 kìlómítà lọ. Ta ló wá gbé akàn òkun rìn débẹ̀?

Òkun ló wá. Ibi tí Ewékorò wà yìí, abẹ́ òkun ni nígbà kan rí. Bí àwọn ẹran òkun ṣe ń kú ni ìkarahun wọn ń jábọ́ sísàlẹ̀, ẹrẹ̀ ń bò ó, òmíràn ń jábọ́ lé e, títí ìwúwo tòkè fi tẹ tìsàlẹ̀ mọ́lẹ̀ tó di òkúta gbọingbọin. Nígbà tó yá, òkun fà sẹ́yìn. Àwọn tó mọ̀ ọ́n kà fi í sí nǹkan bíi mílíọ̀nù lọ́nà 60 ọdún sẹ́yìn. Nítorí náà, alàgbà, ilé tẹ́ ẹ ti kọ́ láti ìgbà tẹ́ ẹ ti di ọ̀gá, ìkarahun òkun wà lára ògiri wọn.

Mo ti mọ ohun tẹ́ ẹ fẹ́ sọ. Ẹ fẹ́ ní ìkún omi ayé Nóà ló gbé e débẹ̀. Ọ̀rọ̀ gidi ni, kì í ṣe ọ̀rọ̀ òmùgọ̀, àwọn ọ̀mọ̀wé ńlá ti sọ ọ́ ṣáájú yín. Àmọ́ ẹ jẹ́ ká wo bí ìkún omi ṣe ń ṣe. Ẹ̀yin àgbà Ìbàdàn, ẹ ò tíì gbàgbé 31 oṣù kẹjọ ọdún 1980, nígbà tí odò Ògùnpa ya wọ ìlú, tó pa èèyàn tó ju ọgọ́rùn-ún lọ. Báwo ni ẹrẹ̀ omíyalé ṣe máa ń rí? Gbogbo nǹkan á dàrú pọ̀ mọ́ra wọn ni. Páànù á wà lórí ìkòkò, ewúrẹ́ á wà lábẹ́ mọ́tò, bàtà á wà nínú kànga. Omi kì í ṣa nǹkan sọ́tọ̀ bí ẹni ń ṣa ẹ̀wà.

Ẹ wá wo Ewékorò. Nínú gbogbo òkúta tí wọ́n ti wà níbẹ̀, kò sí egungun ewúrẹ́ kan, kò sí eyín màlúù kan, kò sí egungun èèyàn kan láàárín ìkarahun wọ̀nyẹn. Tó bá jẹ́ pé omi kan ṣoṣo ló gbá gbogbo ayé lọ lọ́jọ́ kan náà, ó yẹ kí eyín àgbàlagbà kan tilẹ̀ há sí ẹ̀gbẹ́ akàn.

Ọkùnrin kan wà nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó ń jẹ́ Adam Sedgwick. Àlùfáà ṣọ́ọ̀ṣì Áńgílíkà ni, ó sì ń kọ́ni nípa òkúta ní yunifásítì Cambridge. Ohun tí alàgbà gbà gbọ́ nípa ìkún omi, ó súnmọ́ ohun tí òun náà gbà gbọ́ tẹ́lẹ̀, ó tilẹ̀ ti kọ ọ́ sínú ìwé. Ó wá fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn káàkiri, ó wo òkúta títí, ó rí i pé kò rí bẹ́ẹ̀. Ní 1831, ó dìde níwájú ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ òkúta ní Lọ́ńdọ̀nù, ó ní òun ti yí ọ̀rọ̀ òun padà. Kò fi ṣọ́ọ̀ṣì sílẹ̀ o, àlùfáà ló kú sí. Kí n sì sọ gbogbo òótọ́ rẹ̀: nígbà tí Darwin gbé ìwé tirẹ̀ jáde ní 1859 pé ohun alààyè kan máa ń yí padà di òmíràn, Sedgwick yìí kan náà bínú sí i gidigidi. Ṣẹ́ ẹ rí i, ọ̀rọ̀ méjì ni, ẹ má jẹ́ ká pò wọ́n pọ̀. Bí òkúta ṣe dàgbà tó, ọ̀tọ̀ ni. Bí ohun alààyè ṣe di ohun tó jẹ́, ọ̀tọ̀ ni. Ẹni tó ń bínú sí èkejì ti gba èkíní gbọ́ kó tó bínú.

Ẹ̀yin ìyá ọjà, ẹ̀yin ni mo fẹ́ bá sọ ọ̀rọ̀ tó kàn yìí, torí ẹ máa yé e ju àwọn tíṣà lọ. Ẹ wo àkìtàn ẹ̀yìn ọjà àtijọ́ kan, irú èyí tí wọ́n ti ń dalẹ̀ sí láti ayé àwọn ìyá ìyá yín. Ká ní a gbẹ́ ẹ wálẹ̀ bí ẹní gbẹ́ kànga. Kí la máa kọ́kọ́ bá lókè? Ọ̀rá píọ̀ wọ́tà. Tá a bá gbẹ́ ẹ sí i, a lè bá kọ́bọ̀, èyí tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ná ní 1973. Nísàlẹ̀ rẹ̀, tọ́rọ́ àti sísì ayé òyìnbó, àti kọ́bọ̀ tó ní ihò láàárín. Nísàlẹ̀ pátápátá, owó ẹyọ. Ẹ ò ní bá ọ̀rá píọ̀ wọ́tà lábẹ́ owó ẹyọ láé. Tẹ́ ẹ bá sì bá a níbẹ̀, ẹ máa wò ó dáadáa, ẹ máa rí ojú ibi tí ẹnì kan ti gbẹ́ kòtò wọlẹ̀ lẹ́nu àìpẹ́. Kò sẹ́ni tó máa kọ́ yín pé ayé owó ẹyọ ló ṣáájú. Ilẹ̀ fúnra rẹ̀ ló sọ ọ́.

Bí òkúta ṣe rí gẹ́lẹ́ nìyẹn. Ìpele ìpele ni wọ́n wà. Nísàlẹ̀ pátápátá, àwọn ohun alààyè kéékèèké tí ojú lásán ò tilẹ̀ lè rí. Lókè wọn, àwọn tó jọ akàn àti ìgbín. Lẹ́yìn náà ẹja, lẹ́yìn ẹja, àwọn tó ń fi ẹsẹ̀ rìn nílẹ̀. Lẹ́yìn náà àwọn ẹran ńláńlá tí wọ́n ń pè ní dáínósọ̀, tí ìgbà wọn parí ní mílíọ̀nù lọ́nà 66 ọdún sẹ́yìn. Èèyàn? Òkè téńté la wà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀rá píọ̀ wọ́tà. Kò sí orílẹ̀-èdè kan láyé tí wọ́n ti gbẹ́ ilẹ̀ tí wọ́n bá egungun èèyàn nínú òkúta dáínósọ̀.

Ta ló kọ́kọ́ ṣàkíyèsí ètò ìpele yìí dáadáa nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì? Ẹ má rò pé ọ̀jọ̀gbọ́n kan ni. Ọmọ alágbẹ̀dẹ ni! William Smith lorúkọ rẹ̀, wọ́n bí i ní 1769, kò rí ẹnu ọ̀nà yunifásítì. Iṣẹ́ wíwọn ilẹ̀ ló ń ṣe, pàápàá níbi tí wọ́n bá ti ń gbẹ́ odò tí ọkọ̀ ojú omi yóò máa gbà. Bí àwọn lébìrà ṣe ń gbẹ́ ilẹ̀ níwájú rẹ̀ ló ń wò, ló ń ṣa ìkarahun. Ó rí i pé ìpele kọ̀ọ̀kan ló ní irú ìkarahun tirẹ̀, débi pé tí wọ́n bá fi ìkarahun kan hàn án, á sọ ìpele tó ti wá. Ní 1815 ló ya máàpù gbogbo òkúta abẹ́ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì jáde. Kí ló jẹ níbẹ̀? Gbèsè. Wọ́n jù ú sẹ́wọ̀n ní 1819 nítorí gbèsè. Ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà ni wọ́n tó bọlá fún un. Ẹ wo déètì yẹn o: 1815. Darwin, ọmọ ọdún mẹ́fà ni nígbà náà. Kì í ṣe Darwin ló to òkúta jọ kó lè fi gbe ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ lẹ́sẹ̀. Ó bá a tí wọ́n ti tò ó tán ni.

Ẹnì kejì, obìnrin ọlọ́jà ni, èyí ló dùn mọ́ mi jù. Mary Anning, ọmọ káfíńtà, ará ìlú etí òkun kan tó ń jẹ́ Lyme Regis. Bàbá rẹ̀ kú ní 1810, ó fi gbèsè sílẹ̀ fún wọn, ọmọ náà ò sì ju ọdún mọ́kànlá lọ. Kí ni wọ́n máa jẹ? Ó ń ṣa ìkarahun òkúta lẹ́bàá òkun, ó ń pàtẹ rẹ̀ fún àwọn tó wá ṣe fàájì. Nígbà tó fi máa pé ọmọ ọdún mẹ́tàlá, òun àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin ti wú egungun ẹran ńlá kan jáde nínú òkúta, ẹran òkun tí ojú ẹnì kankan ò rí irú rẹ̀ láàyè rí. Ní 1823, ó tún wú òmíràn tí ọrùn rẹ̀ gùn bí ejò. Cuvier, ọ̀mọ̀wé tó lókìkí jù ní Faransé nígbà náà, ní ayédèrú ni, ó ní ẹnì kan ló so egungun mọ́ra. Wọ́n gbé e yẹ̀ wò. Ojúlówó ni. Cuvier gbà pé òun ṣìnà.

Iṣẹ́ eléwu sì ni o. Ní 1833, àpáta ya lulẹ̀, ó pa ajá rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ gan-an, díẹ̀ ló kù kó kan òun náà. Àwọn ọlọ́lá tó ń ra ọjà lọ́wọ́ rẹ̀ ló ń kọ orúkọ ara wọn sínú ìwé. Ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ òkúta ní Lọ́ńdọ̀nù kò gba obìnrin wọlé ní gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀. Ó sì jẹ́ ẹni tó ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì déédéé títí ó fi kú ní 1847. Tí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé àwọn tí kò mọ Ọlọ́run ló hùmọ̀ ọ̀rọ̀ egungun inú òkúta, ẹ sọ ìtàn ọmọ káfíńtà yìí fún un.

Ó kan ọ̀rọ̀ ọ̀bọ báyìí. Ìyá, rárá, ọ̀bọ kọ́ ló bí wa. Kò sí onímọ̀ kan tó sọ pé ọ̀bọ tó ń jí àgbàdo jẹ lóko ló bí ẹnikẹ́ni. Ohun tí ìwé ọmọ yín sọ ni pé mọ̀lẹ́bí ni àwa àti ìnàkí. Tí mo bá ní èmi àti ọmọ ẹ̀gbọ́n ìyá mi jọ ní ìyá ńlá kan, ṣé mo sọ pé ọmọ ẹ̀gbọ́n ìyá mi ló bí mi ni? Ìyá ńlá tí à ń sọ yìí jìnnà, ó tó mílíọ̀nù lọ́nà mẹ́fà tàbí méje ọdún sẹ́yìn, kì í ṣe ìnàkí òní, kì í sì í ṣe èèyàn. Ẹ̀rí wà fún un nínú ilẹ̀. Ní 1974, wọ́n wú egungun obìnrin kan ní Ethiopia, tó ti tó mílíọ̀nù lọ́nà mẹ́ta lé ní ọdún. Àwọn òyìnbó pè é ní Lucy, àwọn ará ibẹ̀ ń pè é ní Dinkinesh. Ó dúró lórí ẹsẹ̀ méjì bíi tiwa, àmọ́ ọpọlọ rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ ju ti ìnàkí lọ.

Nílẹ̀ tiwa níbí náà, òkúta ti sọ̀rọ̀. Àbùùbùtán, ẹran ńlá inú òkun yẹn, kì í ṣe ẹja, ọmú ló ń fún ọmọ rẹ̀. Tí wọ́n bá pa á, wọ́n máa ń bá egungun ìdí kékeré nínú ara rẹ̀, tí kò so mọ́ ẹ̀yìn, tí kò gbé ẹsẹ̀ kankan ró. Kí ni ẹni tí kò lẹ́sẹ̀ ń fi egungun ìdí ṣe? Ní Améki, ní ibi tó di ìpínlẹ̀ Abia lónìí, wọ́n rí egungun àbùùbùtán àtijọ́ kan, wọ́n kọ nípa rẹ̀ ní 1920, wọ́n sì fi orúkọ Lugard gómìnà sọ ọ́. Ọjọ́ orí rẹ̀ tó mílíọ̀nù lọ́nà 40 ọdún. Ní Pakistan, àwọn tó dàgbà jù ú lọ jáde nínú òkúta pẹ̀lú ẹsẹ̀ mẹ́rin gidi, ẹsẹ̀ tí wọ́n fi ń rìn nílẹ̀. Ohun tí egungun ìdí ń ṣe níbẹ̀ nìyẹn. Ogún ni, bíi kọ́kọ́rọ́ ilé àtijọ́ tí wọ́n ti wó.

Ọ̀rọ̀ èèyàn náà tún wà nítòsí. Ní 1965, Thurstan Shaw tó ń kọ́ni ní Yunifásítì Ìbàdàn kó àwọn òṣìṣẹ́ lọ sí ihò àpáta kan nítòsí Ìsàrun, kò jìnnà sí Àkúrẹ́. Ihò Eléérú lorúkọ ibẹ̀, torí eérú tó pọ̀ níbẹ̀. Wọ́n bá egungun èèyàn níbẹ̀, èédú sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Èédú yìí ló sọ ọjọ́ orí. Igi tó bá wà láàyè máa ń fa ohun kan báyìí wọra látinú afẹ́fẹ́. Tí wọ́n bá gé e, ohun náà á bẹ̀rẹ̀ sí í dín kù. Lẹ́yìn 5,730 ọdún, ìdajì rẹ̀ ti lọ. Wọ́n wọn èyí tó ṣẹ́kù, wọ́n ní ẹni náà ti lo ju 11,000 ọdún lọ nínú ilẹ̀. Ní 2011, àwọn onímọ̀ tún wọn agbárí náà, ó yà wọ́n lẹ́nu pé ó gùn, ó sì rẹlẹ̀, ó jọ ti àwọn èèyàn tó ti pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ fíìfíì. Mi ò ní bàbá ńlá wa ni o. Mo ní ẹnì kan ń yáná níbẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó dárúkọ Odùduwà.

Alàgbà á ní òyìnbó ti parọ́ rí lórí egungun. Lóòótọ́ ni. Ní 1912, ẹnì kan nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi agbárí èèyàn àti àgbọ̀n ìnàkí ṣe àdàmọ̀dì, ó kùn ún kó lè dà bí ohun àtijọ́, ọ̀pọ̀ ọ̀mọ̀wé sì gbà á gbọ́ fún ogójì ọdún. Ìtìjú ńlá ni. Ṣùgbọ́n ta ló tú àṣírí rẹ̀ ní 1953? Àwọn onímọ̀ egungun fúnra wọn. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ta góòlù, ṣé torí pé ayédèrú wà lẹ ṣe sọ pé kò sí góòlù? Àlàfo náà sì wà, mi ò ní tan yín jẹ. Ọ̀pọ̀ ohun tó ti gbé ayé rí, a ò rí egungun wọn. Ewúrẹ́ mélòó ni wọ́n ti pa ní ọjà Bódìjà? Mélòó ni egungun rẹ̀ máa wà nínú ilẹ̀ lẹ́yìn ẹgbẹ̀rún ọdún? Ajá á jẹ díẹ̀, òjò á gbé díẹ̀, ìyókù á jẹrà. Èyí tá a rí ló yẹ kó yà wá lẹ́nu.

Nígbà tó jẹ́ pé iṣẹ́ nọ́ọ̀sì lọmọ fẹ́ ṣe, ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí tó fi gbọ́dọ̀ mọ ẹ̀kọ́ yìí, yàtọ̀ sí pé iléèwé nọ́ọ̀sì kì í gba ẹni tí kò yege báyọ́lọ́jì. Ẹ rántí chloroquine, oògùn ibà tó máa ń mú ara yúnni bí ẹni bọ́ sínú wèrèpè? Ó ṣiṣẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Lẹ́yìn náà, ọmọ á lo o, ibà ò ní lọ. Oògùn ò yí padà, kòkòrò ibà ló yí padà. Láàárín àìmọye kòkòrò, ìwọ̀nba díẹ̀ wà tí oògùn ò ràn. Oògùn pa àwọn yòókù, àwọn díẹ̀ yìí ló kù láti bímọ, ọmọ wọn ló gbòde. Ní 2005, ìjọba Nàìjíríà pa chloroquine tì, wọ́n gbé oògùn alápapọ̀ tí wọ́n ń pè ní ACT síwájú. Ìyípadà díẹ̀díẹ̀ tí Darwin sọ nìyẹn, ojú wa ló ṣe é. Nọ́ọ̀sì tí kò mọ̀ ọ́n, ìdajì oògùn ni yóò máa fún ọmọ ọmọ yín, á ní ó ti tó.

Ọlọ́run yín wá ńkọ́, ìyá? Ó wà níbi tẹ́ ẹ fi í sí. Òkúta sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ àti èyí tó ṣáájú, kò sọ ẹni tó ni ín. Iye ọdún tí wọ́n ń kà pé ayé ò ju ẹgbẹ̀rún mẹ́fà lọ, kò sí nínú Bíbélì. Bíṣọ́ọ̀bù kan tó ń jẹ́ Ussher ló jókòó ṣírò rẹ̀ ní 1650. Nínú Bíbélì àti nínú Kùránì, ọjọ́ mẹ́fà wà, síbẹ̀ àwọn ìwé méjèèjì tún sọ fún wa pé ọjọ́ Olúwa kì í ṣe ọjọ́ tiwa. Póòpù Pius kejìlá ti sọ ní 1950 pé Kátólíìkì lè wádìí bóyá ara èèyàn ti inú ohun alààyè tó ṣáájú wá, ó ní kí wọ́n ṣáà di ọ̀rọ̀ ọkàn mú pé ọwọ́ Ọlọ́run ló ti wá. Ní 1996, John Paul kejì ní ọ̀rọ̀ náà ti kọjá àbá lásán. Àwọn mìíràn ò gbà bẹ́ẹ̀, nínú ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́ṣáláṣí, wọ́n sì lẹ́tọ̀ọ́ sí i. Àwọn àgbà tiwa náà ní omi ló bo gbogbo ayé kí wọ́n tó da iyẹ̀pẹ̀ sí i, kí àkùkọ tó tàn án ká. Àwọn kan ti ń fi Ewékorò ti ìtàn yìí lẹ́yìn. Èmi ò ní ṣe bẹ́ẹ̀. Ìtàn Ifẹ̀ ń sọ ẹni tá a jẹ́, kò sọ pé òun ń wọn òkúta.

Tíṣà yẹn náà jẹ̀bi, kò sẹ́ni tó ní kó fi ìgbàgbọ́ bàbá ọlọ́mọ ṣe yẹ̀yẹ́ nínú kíláàsì. Kó kọ́ wọn ní báyọ́lọ́jì, kó dákẹ́ lórí Ádámù. Àmọ́ alàgbà, ẹni tó ṣẹ̀ yín, ẹ ò fa aṣọ tirẹ̀ ya, ìwé ọmọ lẹ fà ya. Ọmọ náà lè kọ èsì tí wọ́n béèrè nínú ìdánwò, kó sì wà nínú akọrin lọ́jọ́ Ìsinmi.

Ìyá, ẹ má da ìwé náà nù. Àwọn tó ń di ìwé lè fi òwú àti gọ́ọ̀mù rán an padà, owó rẹ̀ ò ní tó owó tuntun. Alàgbà, tí iṣẹ́ bá gbé yín gba ọ̀nà Ewékorò, ẹ bá ọmọbìnrin yín mú òkúta kan bọ̀, kẹ́yin méjèèjì jọ wá ìkarahun inú rẹ̀. Kẹ́ ẹ sì jẹ́ kó kọ lẹ́tà sí mi, kí n mọ ohun tẹ́ ẹ bá níbẹ̀.

Onílé tó ń fi owó lé owó ilé, má rò pé mo ti gbàgbé ẹ o. Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ló kàn ọ́.